Dé, Wé, Ró, Wọ̀: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Aṣọ gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn ní Ààlà Nàgó àti Bàrìbá

Ní èdè Faransé, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, porter, ti tó fún ẹni tó ní fìlà lórí, ẹni tó ní ìró nídìí, ẹni tó wà nínú agbádá, àti ọba tó ní adé lórí. Ẹni tó bá gba ilé-ẹ̀kọ́ Faransé wá sí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè Yorùbá, bí èmi àti púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa, kò ní pẹ́ kó tó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ojúgbà kan ṣoṣo nínú èdè wa. A ń dé fìlà, a ń wé gèlè, a ń ró ìró, a ń wọ bùbá, a ń sán bàǹtẹ́, a ń da aṣọ bora, a ń gba ọ̀já. Ìwé gírámà a máa tò wọ́n sí abẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe àti irú àbọ̀ tó ń yàn, a sì kọjá síwájú. Ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni pé a lè kà wọ́n bí ìtàn. Orúkọ aṣọ ayẹyẹ ń yí padà bí ẹ̀sìn, ọjà àti ìjọba ṣe ń yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kì í tètè yí, òun ló sì ń fi ibi tí àwùjọ gbé aṣọ tuntun sí hàn wá.

Ibi tí mo dúró sí wo ọ̀rọ̀ náà ni Kika, ní Tchaourou, ní ẹkùn Borgou ní ilẹ̀ Benin. Tchaourou fi ìlà-oòrùn pààlà pẹ̀lú Nàìjíríà. Nàgó, Baatonu tí àwa ń pè ní Bàrìbá, àti Fúlàní ló jọ ń gbé ibẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú aládé, wà ní gúúsù. Nikki, ìlú ọba àwọn Bàrìbá, wà ní àríwá. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní Páríìsì ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1898 gba àárín ilẹ̀ Bọ̀rgú kọjá, ó sì ya àwọn ìbátan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò dí ọ̀nà ọjà. Ní irú ibi báyìí, aṣọ ni ojú kọ́kọ́ ń rí kí etí tó gbọ́ èdè. (Àkọtọ́ Nàìjíríà ni mo lò, nítorí àwọn òǹkàwé tó wà ní òdì-kejì ààlà, ẹni tó kọ́ ìwé Yorùbá ní Benin mọ bí yóò ṣe fi ɛ, ɔ àti sh rọ́pò ẹ, ọ àti ṣ.)

Ọ̀nà tí mo ń tọ̀ kì í ṣe tuntun. Ọlábíyì Babalọlá Yáì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ti fi hàn nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1993 lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìtàn jẹ́ fún Yorùbá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tàn. Èmi náà ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe, àmọ́ ti aṣọ.

Ẹ̀rí tó lágbára jù pé ìyàtọ̀ àárín wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ẹnu lásán ni òdì wọn. Ohun tí a wọ̀, bíbọ́ ni a ń bọ́ ọ: a ń bọ́ ẹ̀wù, a ń bọ́ bàtà. Ohun tí a dé, ṣíṣí ni a ń ṣí i: a ń ṣí fìlà bí a ṣe ń ṣí ìkòkò. Ohun tí a wé tàbí tí a ró, títú ni a ń tú u. Kò sí ẹni tó ń bọ́ gèlè, bẹ́ẹ̀ ni a kì í tú fìlà, àyàfi tí a bá fẹ́ tú ojú rírán rẹ̀. Nítorí náà, ìsọ̀rí mẹ́ta ló wà: ohun tí ara wọ inú rẹ̀, ohun tí a fi bo nǹkan láti òkè, àti ohun tí a fi yí nǹkan ká. (Kí wọ inú má tàn wá jẹ, ohùn ọ̀tọ̀ ni. Wọ̀ ti aṣọ jẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú "ó wọ̀ ọ́". Àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń sọ ọ́ di olóhùn àárín.)

Abẹ́rẹ́ ló dá ààlà sáàárín wọ̀ àti àwọn yòókù. Aṣọ tí a gé, tí a rán, tó ní ọrùn àti apá, ni a ń wọ̀. Aṣọ tó ṣì wà ní odindi ni a ń ró, tí a ń wé, tí a ń dà bora. Ìlà yìí bá ìtàn mu. Wo orúkọ àwọn aṣọ odindi tí obìnrin ń lò: ìró láti ara ró, ìborùn láti ara bo ọrùn, ìbòjú láti ara bo ojú. Inú èdè wa ni a ti ṣẹ̀dá wọn, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ wọn ló sì lè tú wọn. Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ aṣọ ọkùnrin, a óò bá ẹ̀wù tiwa níbẹ̀, ṣùgbọ́n a óò tún bá ọ̀pọ̀ àlejò láti àríwá. Dàńṣíkí wá láti inú dan ciki ti Haúsá, ẹ̀wù tó wà nínú, lábẹ́ ńlá. Fìlà bá hula tàbí fula wọn mu. Láwàní ni rawani, /r/ ìbẹ̀rẹ̀ ti di /l/. Orúkọ aṣọ òkè tó níyì jù náà kò yọ sílẹ̀. Àlàárì, aṣọ pupa olówó iyebíye, ni alharini Haúsá, tó ti inú al-harir ti Lárúbáwá wá, ìyẹn sílíìkì. Sányán sì jọ tsamiya, orúkọ tí Haúsá ń pe sílíìkì inú igbó. Ẹtù nìkan ló dúró gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé láàárín àwọn mẹ́ta yìí: orúkọ ẹyẹ alámì tóótòòtó ni. 

Faransé tó ń pe gbogbo aṣọ odindi ní pagne kò kúkú ni ín: láti inú paño ti Sípéènì ló ti yá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ní ẹkùn wa ni orí. Orí ni a ń fi oyè lé. Adé fúnra rẹ̀, ara dé ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀, ohun tí a fi dé orí. Nígbà tí Samuel Johnson kọ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó parí ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ka Alákétu àti Oníṣábẹ̀ẹ́ mọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Bíọ́dún Adédìran, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1994 lórí àwọn ìjọba ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, jẹ́ kí a rí apá kejì: ìdílé Babagidai tó ń jọba ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀ Bọ̀rgú wá. Ìdílé tó ti àríwá wá ni, síbẹ̀ a ní ó dé adé. Èdè ìlú ló borí. Wọn kò mú ọ̀rọ̀ tuntun wá fún orí ọba. Abẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n wọ̀.

Ní Nikki, ohun tí ojú ń rí yàtọ̀. Nígbà àjọ̀dún Gaani, tó ń bọ́ sí oṣù tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣe ìrántí ọjọ́ ìbí Ànábì, àwọn ẹlẹ́ṣin a máa jáde pẹ̀lú láwàní ńlá, ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ àti ẹṣin tí a fi aṣọ aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń fá orí àwọn ọmọ ọba, tí wọ́n ń fún wọn ní orúkọ tuntun. Níbi yìí, orí tí a yí aṣọ ká ni orí ọlá. Ọmọ Nàgó tó bá fẹ́ ròyìn rẹ̀ kò ní sọ pé wọ́n dé e. Yóò ní wọ́n wé láwàní. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ìyá rẹ̀ ń lò fún gèlè náà ló ń lò fún balógun lórí ẹṣin.

Mo rò pé ibí yìí ni a ti rí bí èdè ṣe ń gba ẹ̀sìn wọlé. Nígbà tí ẹ̀sìn Islam gbilẹ̀ láàárín àwọn elédè Yorùbá, tí Ìlọrin di ìlú ẹ́míà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oyè tuntun wá pẹ̀lú aṣọ tuntun. A lè retí pé kí wọ́n fi láwàní sí abẹ́ dé, nítorí pé ohun oyè ni, orí ọkùnrin ló sì wà. Ṣùgbọ́n èdè kò wo ọlá, ìrísí aṣọ ló wò: gígùn ni, odindi ni, yíyí ni a ń yí i ká. Ó di wíwé. Láti ìgbà náà ni "wọ́n wé láwàní fún un" ti di gbólóhùn tó túmọ̀ sí pé wọ́n fi í joyè, yálà ìmáàmù ni tàbí olóyè àdínnì. Ọmọ tó bá parí kíka Àlùkùráánì, tí wọ́n ń ṣe wòlímọ̀ fún, wọ́n á wé láwàní fún òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní ọ̀nà méjì tí èdè kan fi ń sọ pé orí kan ti ga ju orí lọ: dé fún ẹni tí ilé Odùduwà fi joyè, wé fún ẹni tí ìmọ̀ ẹ̀sìn gbé ga. Láàárín Ṣábẹ̀ẹ́ àti Nikki, àwọn elédè ń lo méjèèjì láìdà wọ́n pọ̀.

Àwọn ẹ̀sìn yòókù náà ní ọ̀nà tiwọn. A kì í sọ pé ẹnì kan wọ eégún. Gbígbé ni a ń gbé eégún, nítorí pé bí a bá sọ pé ó wọ̀ ọ́, a ti sọ pé ènìyàn wà nínú rẹ̀, ohun tí a kò gbọ́dọ̀ sọ sì nìyẹn. Aṣọ eégún, ẹ̀kú tàbí agọ̀, ń wúwo sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, nítorí pé àwọn ọmọ ilé ń fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ mọ́ ẹrù ló bá a mu. Gbígbé náà ni a ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 tí wọ́n sì kọ sínú àkójọ rẹ̀ ní 2008. Aṣọ obìnrin ni ọkùnrin tó ń gbé e máa ń yá: ìró, ìborùn, gèlè, àti ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ. Kò sí aṣọ kan níbẹ̀ tí a rán fún òrìṣà nìkan. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló yí padà, aṣọ ilé sì di aṣọ awo.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní Yorùbá ní 1884, dojú kọ irú ìṣòro yìí gan-an. Nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Éfésù, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ fún ẹni tó fi ìwà tuntun tàbí ìhámọ́ra Ọlọ́run bo ara bí aṣọ. Wọn kò lo wọ̀ nìkan. Gbé wọ̀ ni wọ́n lò. Èmi kò ní sọ pé eégún ni wọ́n ń rò; Samuel Ajayi Crowther, tó ṣáájú iṣẹ́ náà, ìbá bínú. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá gbọ́ gbé, ó sì mọ̀ pé ohun tí a ń sọ ju ẹ̀wù lọ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, káfíńtà tó ti wà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tẹ́lẹ̀, dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀. Sùtánà funfun ni gbogbo ọmọ ìjọ fi ń dá ara wọn mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí jọ soutane tí Faransé ń pe ẹ̀wù àlùfáà Àgùdà, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti àlùfáà nìkan níbẹ̀ ti di ti gbogbo ìjọ níhìn-ín, ọmọdé àti àgbà. Wíwọ̀ ni a ń wọ sùtánà, kò sí ìyanu nínú ìyẹn, nítorí pé rírán ni. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé bí a bá ti wọ̀ ọ́, a ti bọ́ bàtà. Wíwọ̀ kan fa bíbọ́ kan. Ní òpópónà, ẹsẹ̀ lásán ni a fi ń mọ̀ pé aṣọ funfun yẹn kì í ṣe ti Ọbàtálá, kì í sì í ṣe ti alálàájì, nítorí pé funfun fúnra rẹ̀ kò sọ ìyàtọ̀.

Híjáàbù ni ó ṣàjèjì jù lọ. A ń gbọ́ "ó wọ híjáàbù", ṣùgbọ́n gbólóhùn tó ń jáde lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn lọ́pọ̀ ìgbà ni "ó ń lo híjáàbù". Lo kò sọ ohun tó wà lórí obìnrin náà nísinsìnyí. Ó lè wà nínú yàrá rẹ̀ láìbo orí, a ó sì tún sọ pé ó ń lo híjáàbù, nítorí pé ìgbé ayé ni a ń sọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí jáde kúrò nínú ìsọ̀rí mẹ́ta tí mo tò sókè pátápátá. Ìdí rẹ̀, lójú tèmi, ni pé àṣẹ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó jẹ́ aṣọ.

Ní ti ọjọ́ ayé ènìyàn, èmi kò ní ṣe àtòjọ láti ìkómọ dé ìsìnkú. Àwọn mìíràn ti ṣe é dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Aṣọ odindi ló wà ní ìkángun méjèèjì. Ọ̀já ni wọ́n fi pọn wá, kò ní ojú rírán. Aṣọ funfun odindi ni wọ́n fi ń di òkú Mùsùlùmí, kàfání, òun náà kì í jẹ́ rírán. Láàárín méjèèjì ni ìgbà abẹ́rẹ́ wà, ìgbà tí a ń wọ̀ tí a ń bọ́. Ọkùnrin tó bá lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo ohun tí a rán, kó sì mú aṣọ funfun méjì tí abẹ́rẹ́ kò kàn. Kí ló ń ṣe sí wọn ní èdè Yorùbá? Ó ń ró ọ̀kan, ó ń da èkejì bora. Alájì tó ti ń wọ agbádá láti ọjọ́ pípẹ́ padà sí ọ̀rọ̀-ìṣe ìyá rẹ̀. Ìyàwó náà, bí ó ti wù kí aránṣọ ti lo ọgbọ́n tó lára bùbá rẹ̀, ìró rẹ̀ ni a ń wò, nítorí pé ìdí tí a ró aṣọ sí ni ìdí tí a óò fi ọ̀já gbà.

Aṣọ ẹbí kò wà nínú èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ni dá, bí a ṣe ń dá owó jọ tí a ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ ni ó ti parí iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀: ta ni wọ́n fi lọ̀, ta ni ó sanwó, ta ni kò lè san. Ní Benin a ń pè é ní uniforme nígbà tí a bá ń sọ Faransé, ọ̀rọ̀ tó gbé àwọ̀ àti ìrísí, tó sì sọ owó àti ìbátan nù. Àgbà tó ní kí a gbọ́ orúkọ Ìhòòhò kí a tó jẹ́ kó dáṣọ fún wa mọ̀ pé ẹni tó dáṣọ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí tí èyí fi kàn wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni pé ọ̀pọ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣèwádìí èdè ní Benin bẹ̀rẹ̀ láti Faransé. Olùwádìí béèrè porter, ẹni tí ó ń bi léèrè dáhùn wọ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán. Dé, wé, ró àti sán kò ní ibi tí wọn yóò gbà wọlé. Nígbà tí ìwé bẹ́ẹ̀ bá di ìwé ìkọ́ni, ọmọ tó kà á yóò sọ pé òun wọ fìlà, wọn kò sì ní ṣàtúnṣe fún un, nítorí pé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. A ti ń gbọ́ wọ fìlà àti wọ gèlè báyìí.

Bàhíà ní Brazil lè fi ibi tí ọ̀nà yìí já sí hàn wá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ mú aṣọ àti orúkọ rẹ̀ lọ. Nínú ilé Candomblé títí di òní, funfun ni wọ́n ń wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì fún Oxalá, Òrìṣàńlá wa, ojá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ tí a kò lè ṣì mọ̀. Ọ̀já náà ni. Ṣùgbọ́n Pọtogí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níwájú rẹ̀ báyìí, amarrar, ìyẹn dídì, tí ó bá ohunkóhun mu. Kò sí gbà, kò sí pọn. Ojá wà ní àyà, ó wà ní orí, ó wà lára ìlù, ó wà ní ìdí igi. Orúkọ dúró, ipò rẹ̀ ti tú ká.

Àmọ́ kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru ilé-ẹ̀kọ́. Aránṣọ náà wà níbẹ̀. Ìró tí a rán bíi síkẹ́ẹ̀tì, tó ní ìdè àti bọ́tìnnì, ẹni tó ní òun wọ̀ ọ́ kò ṣàṣìsọ, ara rẹ̀ ló wọ inú rẹ̀. Ó tẹ̀lé òfin èdè rẹ̀ ju ẹni tó ń bá a wí lọ. Èyí tó wú mi lórí jù ni gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní auto-gèlè. Ẹlòmíràn ló ti fi ọwọ́ tò ó ní ìpele-ìpele, ó ti gan, ó ti ní ihò bí fìlà. Mo ti gbọ́ kí àwọn obìnrin sọ nípa rẹ̀ pé "jẹ́ kí n dé gèlè mi". Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Bí òde bá sì parí tí wọ́n padà sílé, wọn kì í tú u. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á gbé e lé orí tábìlì.